Nítorí táìlì tó bú gbàù ní pálọ̀, Bàbá Ìbejì àti àna ẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Bàbá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, ó na ẹsẹ̀ sórí àga nínú pálọ̀ ilé ẹ̀ tó wà ní Mọ́wé, ìpínlẹ̀ Ògùn, ó fẹ́ rẹjú díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Mọ́wé tó sì ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà mọ ohun tí oorun ọ̀sán Sátidé jẹ́, nítorí láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ti ń jí. Bí ojú ẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ báyìí ni nǹkan bú gbàù! Àfi bíi pé ẹnì kan yìnbọn nínú ilé. Ó fò dìde. Ìyá Ìbejì sáré jáde láti kíṣìnnì tòun ti ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá Bàbá Ìbejì tó wá kí wọn láti Abẹ́òkúta, ti ń pariwo Jésù. Nígbà tí wọ́n máa wolẹ̀, táìlì mẹ́rin ti gbéra nílẹ̀ láàárín pálọ̀, wọ́n forí sọra wọn, wọ́n dúró bí àgọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n o. Kí wọ́n tó sọ pé kí lèyí, ìlà kejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ìgbà téèyàn ń pa ẹ̀kùrọ́, títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ìbejì.

Ẹ mọ bí àdúgbò ṣe ń rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ilé ti kún. Ẹnì kan ní àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ náà ò ṣe ètùtù tó yẹ. Ẹlòmíì ní ibojì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aládùúgbò kan ló lọ mú wòlíì kan wá. Wòlíì yí pálọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fọwọ́ kan ògiri, ó mi orí, ó ní òun rí ẹnì kan tó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yìí, tó ń ri nǹkan mọ́lẹ̀, pé ẹni náà ò jìnnà sí wọn, inú ẹbí ìyàwó ló wà. Ó ní kí wọ́n wá àbẹ́là méje àti owó tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ àdúrà.

Ọ̀rọ̀ di wàhálà nìyẹn. Ta ló kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀ náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, ọdún 2021, tó ń ri nǹkan mọ́lẹ̀? Àbúrò Ìyá Ìbejì ni. Òun ló lẹ táìlì náà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ lẹ táìlì láìkúnlẹ̀? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà ní òun ti ń fura sọ́mọkùnrin náà tipẹ́, pé ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òun fojú ara òun rí i tó ń wọ́n nǹkan lúbúlúbú sílẹ̀, tó sì ń bu omi sí i. Símẹ́ńtì ni màmá rí o! Kò sí onítáìlì tí kì í wọ́n símẹ́ńtì sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rù bá ti wọlé, símẹ́ńtì pàápàá a di ẹ̀tù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá Ìbejì tẹ àna ẹ̀ láago. Kò kí i, kò béèrè ilé. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, “Kí lo rì sínú ilé mi?” Ọmọkùnrin náà rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣeré ni, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tún ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, Ìyá Ìbejì sì wà láàárín ọkọ àti ọmọ ìyá ẹ̀, kò mọ ibi tóun máa kọjú sí.

Ilé náà, kì í ṣe ilé olówó. Akọ̀wé ni Bàbá Ìbejì nílé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, olùkọ́ ni ìyàwó ẹ̀. Owó alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fi ra ilẹ̀, àjọ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, owó-oṣù tí wọ́n jẹ Ìyá Ìbejì sílẹ̀ tí wọ́n wá san lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fi kan òrùlé. Odidi ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó wá kan ọ̀rọ̀ táìlì, Bàbá Ìbejì ní òun ò fẹ́ táìlì kéékèèké bí ilé ìwẹ̀, èyí tó fẹ̀, tó ń dán bíi dígí lòun fẹ́, oní sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú, 60 lóròó, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́sílénì. Pálọ̀ náà gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 5. Páálí 23 ni wọ́n rà, mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú páálí kan. Nígbà tí wọ́n sanwó táìlì tán, ohun tó kù lápò ò ju owó símẹ́ńtì, yanrìn àti owó iṣẹ́ lọ. Àna ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún, kí owó iṣẹ́ lè dín.

Ọjọ́ kẹta tí táìlì bú ni Ìyá Ìbejì ṣe ohun kan tí kò sọ fọ́kọ ẹ̀. Ó pe bàbá arúgbó kan tó kọ́ àbúrò ẹ̀ níṣẹ́ l'Ágége. Bàbá náà ti ń lẹ táìlì láti ìgbà tó jẹ́ pé ilé ìwẹ̀ àwọn olówó nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Ó dé pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ ẹ̀. Kò gbàdúrà, kò sì béèrè àbẹ́là. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó gbé táìlì kan nílẹ̀, ó dà á dé.

“Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ṣé ẹ rí símẹ́ńtì kankan níbẹ̀?”

Kò sí. Ẹ̀yìn táìlì náà mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Símẹ́ńtì wà nílẹ̀ nísàlẹ̀, ó le kankan, àpá ìlà ẹ̀yìn táìlì sì hàn lára ẹ̀ ketekete, bí ìgbà téèyàn tẹ ọwọ́ mọ́ amọ̀ tó sì gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Ó tún gbé òmíì, bákan náà ló rí. Wọ́n gbé tó mẹ́wàá, kò sí èyí tí símẹ́ńtì bá dìde.

Bàbá wá ní kí wọ́n bá òun wá àfọ́kù táìlì ògiri ilé ìwẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ó dojú àwọn méjèèjì délẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó kán omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn eléyìí, ó kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìyẹn. Omi tó kán sí ẹ̀yìn táìlì ògiri pòórá lójú wọn, àmì dúdú ló kù níbẹ̀. Èyí tó kán sí ẹ̀yìn pọ́sílénì dúró bí ìrì lórí ewé kókò. Ìyá Ìbejì lọ da omi ẹran nù ní kíṣìnnì, ó padà dé, omi yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Símẹ́ńtì àti yanrìn tí wọ́n bá pò, bó ṣe ń di táìlì mú ni pé ẹ̀yìn táìlì náà máa ń mu omi símẹ́ńtì wọnú, símẹ́ńtì á sì tẹ̀ lé omi náà wọnú àwọn ihò tíńtìntín tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ lá ti gan, tí wọ́n á sì di ọ̀kan. Táìlì ògiri tó jẹ́ amọ̀ lásán máa ń mu omi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ. Ìdí tí àwọn àgbà onítáìlì fi máa ń rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kó má baà fa gbogbo omi símẹ́ńtì gbẹ. Ṣùgbọ́n pọ́sílénì, iná tí wọ́n fi sun ún pọ̀ débi pé gbogbo ihò ara ẹ̀ ti dí, omi tó lè mu kò ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ ká ní táìlì kan wọn kílò 8, bó bá jẹ́ pọ́sílénì, omi tó máa mu kò ní ju gíráàmù 40 lọ. Bó bá jẹ́ táìlì ògiri ni, á mu ju gíráàmù 800 lọ. Èèyàn lè rẹ pọ́sílénì sómi títí di ọjọ́ kejì, ara ẹ̀ ló kàn máa tutù. Símẹ́ńtì ò ríbi wọ̀. Ńṣe ló kàn gbé e léjìká fọ́dún méjì.

Ìyá Ìbejì béèrè ìdí tó fi wá jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló bú, àti ìdí tó fi dún bí ìbọn. Bàbá onítáìlì fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n lẹ táìlì náà wọra wọn típẹ́típẹ́, kò sí àlàfo láàárín wọn, wọ́n sì tì í mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ símẹ́ńtì tuntun máa ń sún kì díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù bó ṣe ń gbẹ, táìlì kì í sún kì bẹ́ẹ̀. Ooru ọ̀sán ń fẹ̀ ẹ́, òtútù ọyẹ́ lóru ń fún un. Bí ilẹ̀ ṣe ń kéré sí i lábẹ́ ẹ̀, táìlì ń ti ara wọn, kò síbi tí wọ́n máa yà sí. Bó bá jẹ́ pé nǹkan dì wọ́n mú nísàlẹ̀ ni, wọn ì bá fara dà á. Nígbà tí kò sóhun tó dì wọ́n mú, ọjọ́ tí agbára náà kún ni wọ́n fò sókè. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i rí á mọ̀ pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn.

“Kò sóhun tí ọmọ yìí rì síbẹ̀,” bàbá ní. “Ohun tó yẹ kó rì síbẹ̀ gan-an ni kò rì. Gọ́ọ̀mù ni.”

Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Ìbejì rántí ohun kan, ara ẹ̀ sì rọ. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àbúrò ẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, irú táìlì yìí, gọ́ọ̀mù táìlì ló dáa fún un o, kì í ṣe símẹ́ńtì lásán.” Bàbá Ìbejì dá a lóhùn pé, “Símẹ́ńtì tí mo kó jọ síta yìí ńkọ́? Ṣé kí n máa fi mu gààrí ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ta ló fẹ́ máa bá ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jiyàn níwájú òṣìṣẹ́, nítorí owó gọ́ọ̀mù? Ṣùgbọ́n òun ni onísẹ́ ọwọ́, òun ló mọ̀, ó sì gba owó iṣẹ́. Ẹ̀bi tiẹ̀ wà níbẹ̀, kò kéré. Ti Bàbá Ìbejì náà ò sì kéré, ẹni tó rówó ra táìlì tó ń dán bíi dígí, tí kò rówó ra ohun tó máa dì í mú.

Láti ìgbà pípẹ́ làwọn èèyàn wa ti ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. N'Ílé-Ifẹ̀, àpáàdì ìkòkò ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sọ pé Ọọ̀ni Lúwo tó jẹ́ obìnrin ló ní kí wọ́n ṣe é káàkiri ìlú, apá kan nínú ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ títí dòní. Wọn ò lo gọ́ọ̀mù kankan. Ìdúró ni wọ́n gbé àpáàdì sí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n rì sínú ilẹ̀, ilẹ̀ ló dì í mú. Táìlì tí wọ́n ń lò lóde òní ò ní ẹsẹ̀ tó lè rì sílẹ̀, ó kàn dùbúlẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Mọ́wé. Wọ́n ní láti ká gbogbo táìlì náà nílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ló rí bákan náà. Bàbá fi owó ẹyọ irin kan kan ilẹ̀ káàkiri, ibi tó kù tí kò tíì fò ń dún kóróbótó bí agbè òfìfo. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé bí símẹ́ńtì ò ṣe mú táìlì yìí, wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ká a. Mẹ́sàn-án péré ló fọ́. Ìyókù, wọ́n tò ó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n ha símẹ́ńtì tó wà nísàlẹ̀ kúrò, wọ́n tún ilẹ̀ rẹ́ kó lè tẹ́jú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó gbẹ. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sí pálọ̀ láàárín ìgbà náà. Ìyá àgbà padà s'Ábẹ́òkúta. Wòlíì ò yọjú mọ́, kò sì dá owó àbẹ́là padà.

Wàyí o, gọ́ọ̀mù wo ni wọ́n máa rà? Ìyá Ìbejì ló gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ló kọ́kọ́ lọ, ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì gọ́ọ̀mù kan jáde, funfun báláú, ó ní wọ́n ti pò ó tán, pé èèyàn kàn máa ṣí i ni, kó sì máa lẹ̀ ẹ́ lọ. Ó wu Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yìn ìgbà tó fóònù bàbá onítáìlì ló mọ̀ pé òun ì bá ti tún kó sí ọ̀fìn. Gọ́ọ̀mù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, ìgbà tí omi ara ẹ̀ bá fẹ́ jáde sínú afẹ́fẹ́ ló ń gan. Ó dáa fún táìlì kéékèèké lára ògiri tí omi kì í dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé pọ́sílénì tó fẹ̀ lé e lórí nílẹ̀, omi náà ò ní ríbi gbà jáde, táìlì ò lè mu ún, afẹ́fẹ́ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó lè wà ní rírọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n máa rìn lórí ẹ̀ kó máa yẹ̀. Ẹlòmíì tún wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n kàn ra gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, kí wọ́n dà á sínú símẹ́ńtì. Ìyẹn náà ò dáa, nítorí irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, bí omi bá tún dé ibi tó wà, ńṣe ló tún máa ń rọ̀.

Ọjà Ọdúnadé l'Órílé ni bàbá mú un lọ, níbi tí táìlì àti ohun èlò ilé pọ̀ sí. Gọ́ọ̀mù inú àpò ni wọ́n wá lọ, èyí tó rí lúbúlúbú bíi símẹ́ńtì. Símẹ́ńtì àti yanrìn kúnná ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti po èròjà kan mọ́ ọn tó dà bíi rọ́bà tí wọ́n lọ̀ kúnná. Èròjà yìí ló máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun tí kì í mu omi. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó nínú àpò ni gọ́ọ̀mù náà ṣe máa lágbára tó, bẹ́ẹ̀ náà lowó ẹ̀ ṣe máa ga tó.

Àwọn lẹ́tà kan máa ń wà lára ọ̀pọ̀ àpò tó ń wá láti òkè òkun tàbí tí wọ́n ṣe ní ìlànà wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í wò ó. C túmọ̀ sí pé símẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é. C1 ni gọ́ọ̀mù lásán, C2 ni èyí tí agbára ẹ̀ jù ú lọ. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 12004 sọ pé C1 gbọ́dọ̀ lè di nǹkan mú débi pé lórí ibi tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, yóò gba bíi kílò 5 kó tó já. Ti C2, ìlọ́po méjì ẹ̀ ni, bíi kílò 10. Bí wọ́n bá fi T kún un, kì í yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri. Bó bá jẹ́ E, ó ń pẹ́ kó tó gbẹ lójú, ìyẹn ni pé ó kéré tán, èèyàn ṣì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti fi táìlì lé e dípò ogún. F máa ń yára gan. S1 àti S2 ni èyí tó lè tẹ̀ díẹ̀ láìya, ìyẹn sì dáa fún ìta, orí dẹ́kì, àti ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀. Gọ́ọ̀mù míì wà tó jẹ́ pé inú agolo méjì ló máa ń wà, tí wọ́n ń po pọ̀, ìyẹn le jù, owó ẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Ibi tí ásíìdì tàbí òróró ti ń dà sílẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó, kì í ṣe pálọ̀ Bàbá Ìbejì.

Táìlì ògiri ilé ìwẹ̀ wọn, C1 á tó o. Fún pọ́sílénì 60 sí 60, C2 ni bàbá ní kí wọ́n rà, èyí tó ní E, nítorí ọyẹ́ ò tíì lọ tán, atẹ́gùn gbígbẹ a sì máa tètè gan ojú gọ́ọ̀mù. Eérú ni àwọ̀ tí wọ́n rà. Bó bá jẹ́ mábù funfun ni wọ́n fẹ́ lẹ̀, gọ́ọ̀mù funfun ni wọn ì bá wá, torí àwọ̀ eérú lè yọ sókè lára mábù. Àpò oníkílò 20 kan, pẹ̀lú bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ fún táìlì tó fẹ̀, á kárí bíi mítà mẹ́rin níbùú lóròó. Pálọ̀ wọn jẹ́ 30. Àpò mẹ́jọ ni wọ́n rà. Ìyá Ìbejì san án nínú owó tó fẹ́ fi ra fíríìjì.

Bàbá kìlọ̀ ohun kan níbi tí wọ́n ti ń dì í sọ́kọ̀. Ó ní àwọn onítáìlì míì wà, bí wọ́n bá ra gọ́ọ̀mù fún wọn, wọ́n á bu símẹ́ńtì àti yanrìn lé e kó lè pọ̀, wọ́n á sì tọ́jú àpò méjì pamọ́ fún ara wọn. Ohun tí wọ́n pa dà lẹ̀ kì í ṣe C2 mọ́, kì í tilẹ̀ ṣe C kankan.

Ta ló wá máa lẹ̀ ẹ́? Bàbá ní eékún òun ò gbà á mọ́. Ó ní ẹni tó bà á jẹ́ ni kó wá tún un ṣe, pé òun máa dúró tì í. Ìyá Ìbejì gba ilé àbúrò ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ fún un níbẹ̀. Ó tún sọ tọkọ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà táwọn ọmọ ti sùn, ó sì mú ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì àti gààrí tí gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín jáde. Bàbá Ìbejì ò fèsì. Ó kàn ní bó bá fẹ́ wá, kó wá.

Oṣù kẹrin ni ọmọkùnrin náà wá. Ó kí Bàbá Ìbejì, ó dọ̀bálẹ̀, Bàbá Ìbejì dáhùn, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Bàbá onítáìlì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ọmọkùnrin náà fi tákísà tútù nu ẹ̀yìn táìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀fun lúbúlúbú kan máa ń wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wọn, òun pàápàá kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú un. Ó wọn omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò, kò fojú wọ̀n ọ́n bíi ti símẹ́ńtì. Ó pò ó, ó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tún un pò. Nígbà tí èyí tó kù nínú ìkòkò ìpò bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó fẹ́ bu omi sí i, bàbá wọ́ èékánná mọ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dà á nù.

Tírówẹ́lì eléyín ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, kò já a ní ìṣù ìṣù bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, tí wọ́n á já ìṣù márùn-ún sílẹ̀, tí wọ́n á gbé táìlì lé e. Àárín ìṣù yẹn máa ń ṣófo, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ fíríìjì bá bọ́ síbẹ̀ ni táìlì máa fọ́. Ó fa eyín tírówẹ́lì náà lọ tààrà ní ìhà kan, ó tún ra gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn táìlì fúnra ẹ̀, ó gbé e lé, ó fi òòlù rọ́bà lù ú. Nígbà tó lẹ ẹ̀kẹta tán, bàbá ní kó tún un gbé sókè. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó gbé e. Gọ́ọ̀mù ti bo ẹ̀yìn ẹ̀ káríkárí. Bàbá mi orí, kò tún sọ nǹkan mọ́ títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Ó fi àlàfo mílímítà mẹ́ta sáàárín táìlì méjì, ó sì fi bíi mílímítà mẹ́jọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri yíká, èyí tí táìlì ẹsẹ̀ ògiri máa bò mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n dí àlàfo tán, Bàbá Ìbejì ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ṣọ. Ó yọ owó ẹyọ kan lápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kan ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ko, ko, ko, ohùn kan náà ló ń mú jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ìbejì, ó tún padà. Àna ẹ̀ dúró ní kọ́rọ́dọ̀, ó ń fọ irinṣẹ́, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ọwọ́ Bàbá Ìbejì. Táìlì tó lé ní ọgọ́rin ni, ó kàn án tán pátá.

Ó dìde, ó gbọn eékún ṣòkòtò ẹ̀. Ó ní, “Àna mi, ṣé wọ́n ti fún ẹ lóúnjẹ?”

Ọmọkùnrin náà ní àwọn ti jẹ ẹ̀bà. Bàbá Ìbejì ní kí wọ́n tún fún un jẹ.

Nígbà tí ìyá àgbà padà wá ní ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, ní 2025, wọ́n ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, ti omi tó dúró bí ìrì, ti gọ́ọ̀mù, ti àlàfo ẹsẹ̀ ògiri. Ó gbọ́, ó ní Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n títí tó fi lọ, kò bọ́ sálúbàtà ẹ̀ nínú pálọ̀ náà.